Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Bátìrì

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí obìnrin kan bá ra ìkòkò tuntun, tí kò sì fẹ́ kó bá ẹlòmíràn lọ sílé lọ́jọ́ ìnáwó, ọ̀dọ̀ Bàbá Alámì ló máa gbé e lọ. Mọ́rúfù ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀, àfi ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Àjẹ ló ń jókòó sí, òun àti òòlù kan tí kò tóbi ju ìka mẹ́ta lọ, àti ìṣó irin mẹ́rin tó ti pọ́n lẹ́nu ṣóńṣó. Bó bá gbé ìkòkò lé orókùn, kò-kò-kò ni wàá máa gbọ́. Ojú ìṣó kan á tẹ̀lé òmíràn, wọ́n á tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó o tó mọ̀, orúkọ ti jáde.

Ẹni tó bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu á yà á. Kì í fi ṣọ́ọ̀kì ya lẹ́tà kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi rúlà wọn nǹkan kan. Ìwé márùn-ún péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, síbẹ̀ kò sí lẹ́tà tó lè wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe é, ojú rẹ̀ kò sì tíì bà jẹ́. Ẹ dákun, ẹ wá ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún wá fún mi, ká wo ojú tirẹ̀.

Ìbẹ̀fun ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Gbàdàmọ́sí. Gbogbo ayé ló mọ apá kan iṣẹ́ náà: orúkọ ẹni tó ni ìkòkò á wà níta, gàdàgbà, kí ojú lè rí i. Apá kejì wà tí ayé kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló pawọ́ pọ̀ ra ìkòkò, ẹnì kan ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ sílé fún wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ á wà níta. Orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á wà lábẹ́ etí ìkòkò, kékeré báyìí, níbi tí ojú kì í dé. Nítorí bí ìkòkò bá sọnù, ẹgbẹ́ kò lẹ́sẹ̀ tó fi ń rìn, ẹgbẹ́ kò sì lójú tó fi ń sunkún. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa wá a kiri.

"Má sọ ti abẹ́ etí fún ẹnikẹ́ni," ni Bàbá Gbàdàmọ́sí máa ń wí, "títí kan ẹni tó o kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bó o bá sọ ọ́, olè á gbọ́." Mọ́rúfù kò sì sọ ọ́. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ẹni tó mọ iye eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀.

Ikhlas ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó kàwé kọ̀ǹpútà jáde, kò sì ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó Ilé Ìmọ̀, ilé kékeré kan tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi láptọ́ọ̀pù méjìlá sí, kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ayé àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tí bátìrì wọn ṣì ń yọ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ikhlas ń nù wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà. Bó bá ti ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún á máa dún wọnrọn-wọnrọn níbàdí rẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì dá òòlù dúró láti gbọ́ ọ.

Ikhlas ló dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ tó ń darí Ilé Ìmọ̀ pé kí wọ́n fín orúkọ sára àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí olè máa ń sá fún ohun tó bá lórúkọ lára. Alága ìgbìmọ̀ ni Alàgbà Frederick, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ṣì ń fi bírò pupa ka ìwé ìròyìn. Ó bi í léèrè ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ikhlas ní, "Bàbá mi ni, sà."

Ìṣó àti òòlù kò ṣeé gbé sún mọ́ láptọ́ọ̀pù. Kálámù oníná kan ni Ikhlas bá a wá, ó ń kùn bí oyin, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Mọ́rúfù sì fi ń dán an wò lára ìdérí láptọ́ọ̀pù tó ti kú. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ó jọ ipasẹ̀ adìyẹ. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ó wá fín ILÉ ÌMỌ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjìlá, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Nígbà tí Ikhlas jáde lọ sọ́jà, Mọ́rúfù yọ bátìrì wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì fín lẹ́tà mẹ́fà síbẹ̀, kékeré báyìí. Ó ti ṣe é tán kó tó rò ó pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ikhlas fi nǹkan kan han bàbá rẹ̀ tó jẹ́ kó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní láptọ́ọ̀pù kan pé kó gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin, kó tàn án tó bá débẹ̀. Ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ṣí máàpù lórí fóònù. Kò pẹ́ tí àmì róbótó kékeré kan fi yọ, ó ń ṣẹ́jú wìrì, wìrì, lẹ́bàá orúkọ Imusin.

"Ta ló ń sọ fún un?" Mọ́rúfù béèrè.

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Bàámi. Bó bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, á sọ ibi tó wà fún mi. Ibi yòówù kí wọ́n gbé e lọ."

"Subuhanallọhi." Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú. Ó rò ó pé òun ti fín orúkọ sára ìkòkò tó lè kún gbogbo ọjà Òkè-Àjẹ yìí, ọ̀kan kò sì pe òun rí láti sọ ibi tó wà. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìyanu. Ó ní kí Ikhlas tún un fi hàn òun, ó sì tún un ṣe.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ikhlas dé Ilé Ìmọ̀, ó rí i pé wọ́n ti gé irin ojú fèrèsé. Láptọ́ọ̀pù méjèèjìlá ti lọ. Tábìlì nìkan ló kù, àti waya.

Kò sunkún. Ó jókòó ti fóònù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan. Ọjọ́rú, kò sí nǹkan. Alàgbà Frederick wá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti béèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì ń le sí i. Ní ọjọ́bọ̀, bí Mọ́rúfù ṣe ń kírun Àìlà lọ́wọ́, ó gbọ́ tí Ikhlas pariwo nínú yàrá. Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì í, ó sáré sálámà parí ìrun náà.

"Ayépé ni, Bàámi! Ẹ wò ó! Ayépé ló wà!"

Àmì róbótó náà ni, ó ń ṣẹ́jú wìrì, wìrì. Wọ́n ti jí ẹ̀rọ náà gbé, wọ́n ti kó o sápò, wọ́n ti gbé e rìn, ó sì ti rántí pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mọ́rúfù mọ̀ pé irin àti rọ́bà ni. Omi ṣì lé ròrò sí i lójú.

Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Inspẹ́kítọ̀ kan tó ń jẹ́ Bọ́dúnrìn tẹ̀ lé wọn, Alàgbà Frederick fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn. Nígbà tí wọ́n dé Ayépé, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni àmì náà mú wọn dé. Láptọ́ọ̀pù méjìlá wà lórí pákó, wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí ẹja tí wọ́n sá. Àmọ́ ẹ̀yìn wọn ń dán. Wọ́n ti fi sáńpépà ha ILÉ ÌMỌ̀ kúrò, nọ́ńbà àti ìwé ilé iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn ti lọ pẹ̀lú.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kò mì. Ó ní ọkùnrin méjì ló tà wọ́n fún òun, tiwọn ni wọ́n pè é. Ó ní, "Máàpù yín lè ṣì í. Ó lè jẹ́ ilé kejì ló ń wí. Ẹ̀yin ẹ fi àmì kan hàn mí lára èyí tó jẹ́ tiyín." Inspẹ́kítọ̀ Bọ́dúnrìn wo Ikhlas. Ikhlas fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọ̀kan, ó ń wá orúkọ tí wọ́n ti ha kúrò.

Ẹ ò rí Mọ́rúfù lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ síwájú bí ọkọ ìyàwó. Ogójì ọdún ni kò fi sọ ti abẹ́ etí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti kún jù. "Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, sà," ló wí. "Èyíkéyìí tó bá wù yín."

Inspẹ́kítọ̀ yọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́fà tò mọ́lẹ̀ mímọ́ nigín: IKHLAS. Ó yọ èkejì, IKHLAS. Nígbà tó dé ìkẹrin, oníṣọ́ọ̀bù ti jókòó sílẹ̀, Inspẹ́kítọ̀ sì ń mirí, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe ọlọ́pàá, òun kò rí irú èyí rí. Mọ́rúfù yíjú sí Alàgbà Frederick kó lè gbọ́ ìyìn tirẹ̀.

Ojú Alàgbà ti yí padà.

"Ohun ìní ìlú ni," ló wí, jẹ́jẹ́. "Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ ọmọ yín ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

Mọ́rúfù sún mọ́ ọn láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Alàgbà ti yíjú sí Ikhlas.

"Ẹni tó jí wọn pa orúkọ ìlú rẹ́, ó fi tìrẹ sílẹ̀," Alàgbà Frederick sọ fún Ikhlas. "Fóònù tìrẹ ni wọ́n sì ń pè. Èwo ló kù tí kì í ṣe tìrẹ?" Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Ikhlas tú kọ́kọ́rọ́ náà níbàdí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ fín dáadáa yẹn ni wọ́n á sì máa fi pe olè ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Nígbà tí wọ́n délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá bàbá rẹ̀ sọ. "Bàámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"A kì í sọ ọ́," ni Mọ́rúfù dáhùn, ó sì gbọ́ bí ó ti dún létí ara rẹ̀. Ojú tì í. Gbogbo ọgbọ́n ìkòkò ló gbé lọ sára kọ̀ǹpútà, kò sì rò ó pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó ni kọ̀ǹpútà kò mọ òfin ìkòkò. Lójú tiwọn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára nǹkan, òun ló ni ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé ìkòkò oníbàárà kan lé orókùn. Ó gbé e sílẹ̀. Bó ṣe ń wo abẹ́ etí ìkòkò náà, níbi tí kò tíì sí nǹkan kan, ni orúkọ kan wá sọ́kàn rẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Obìnrin pupa kan ni, tó ń wọ awò ojú, tó mú ìkòkò mẹ́fà wá fún un lọ́dún tí òun gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Gbàdàmọ́sí. Ìkòkò Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ ni wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe tíṣà ló bá a gbé wọn. Mọ́rúfù dìde dúró láìmọ̀ pé òun dìde.

Láàárọ̀ Sátidé, ìgbìmọ̀ jókòó sí Ilé Ìmọ̀, àwọn márùn-ún, àwọn láptọ́ọ̀pù náà sì wà lórí tábìlì, bátìrì wọn ti yọ. Inspẹ́kítọ̀ Bọ́dúnrìn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ikhlas dúró, kò jókòó. Mọ́rúfù dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo.

"Alàgbà, ẹ dákun, ṣé ìkòkò ìyá yín ṣì wà nílé?"

"Ìkòkò Mọ́mì?" Alàgbà Frederick yọ awò ojú. "Méjì ló kù. A ṣì ń lò wọ́n. Kí ló kan ìkòkò nínú èyí?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan wá, sà. Bí kò bá kan ohun tí a wá ṣe, ẹ fà mí lé Inspẹ́kítọ̀ lọ́wọ́ mọ́ ọmọ mi."

Ilé Alàgbà kò jìnnà. Wọ́n gbé ìkòkò náà dé, ó dúdú, ó ti dégun níbi mélòó kan, wọ́n sì gbé e ka orí tábìlì láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. "Ta ló ni ín, sà?" Mọ́rúfù béèrè.

"Mo ní Mọ́mì ló ni ín. Nígbà tí wọ́n kú, èmi fúnra mi ni mo kó wọn láti yàrá ẹ̀yìn."

Mọ́rúfù mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú jáde nínú àpò, ó fọ ikùn ìkòkò náà títí ó fi ń dán. Kò sí nǹkan níbẹ̀ tí ojú lè rí. Yanrìn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ fún ogójì ọdún ti jẹ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó wá da èédú tó ti fi epo pò sí ọwọ́, ó fi pa á, ó fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kan. Èédú kúrò lára ìkòkò, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ sínú ojú ìṣó. Ní ìkọ̀ọ̀kan, bí ìràwọ̀ ṣe ń yọ, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi tí kò ti sí nǹkan: ẸGBẸ́ ÌRẸ̀PỌ̀.

Rose, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Jésù! Ẹgbẹ́ màmá mi nìyí. Wọ́n wá àwọn ìkòkò yìí títí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n."

"Kò tíì tán, mà," ni Mọ́rúfù wí. Ó yí ìkòkò náà padà, ó fi èédú pa abẹ́ etí rẹ̀, ó nù ún. Ó yẹ̀ sẹ́yìn kí Alàgbà Frederick lè rí i. Lẹ́tà méje ni, kékeré báyìí: MATILDA.

Orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Alàgbà wò ó, ó wo àwọn láptọ́ọ̀pù tó yí i ká, IKHLAS, IKHLAS, IKHLAS, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, bí L ṣe tẹ̀ nìyẹn, bí A ṣe la ẹsẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún tíṣà àgbà.

"Mọ́mì ló ń tọ́jú rẹ̀," ló wí.

"Àwọn ni, sà. Ẹni tó ni ín wà níta, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wà lábẹ́. Ìyá yín ò mọ̀ pé mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ikhlas náà ò mọ̀. Ẹ̀bi mi ni tí n kò sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kó ìkòkò ẹgbẹ́ lọ sílé." Ohùn Alàgbà ti lọ sílẹ̀. "Ogún ọdún ni mo ti ń fi í se oúnjẹ. Bí ẹnì kan bá rí orúkọ yìí lánàá, tó ní olè ni Mọ́mì..." Ó jókòó, ó tún dìde. Inspẹ́kítọ̀ Bọ́dúnrìn, tí kò ní ìdí kankan láti bọ́ fìlà, ti bọ́ ọ.

Alàgbà Frederick fọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọdébìnrin náà. "Ikhlas, má bínú sí mi. Àwọn ọmọ ń dúró níta láti ọjọ́ Ajé. Ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Ikhlas kúnlẹ̀ gbà á. Ìgbà yẹn gan-an ló tó sunkún, ẹ̀rín sì ni ó fi ń sun ún, bàbá rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò wò. Ó kó ọsàn àti àkísà rẹ̀ jọ. Ẹ̀rọ kan ti pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láti Ayépé. Ìkòkò kan ti dákẹ́ fún ogójì ọdún, ó sì ti dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bi í. Kò mọ èyí tó yà á lẹ́nu jù nínú méjèèjì, ó kàn ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, Subuhanallọhi, Subuhanallọhi.

Rose ti fẹ́ gbé ìkòkò náà, kó lè dá a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà Frederick gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ló wí.

Ó fi ìka rẹ̀ sábẹ́ etí ìkòkò, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kà á bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. "M," ló wí. "A." Ẹnu ọ̀nà ti ṣí, àwọn ọmọ ti ń wọlé, wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi kà á tán.